Ìgò Oògùn Elégédé Tí Wọ́n Ya Ẹja Sí Lára

Ọmọ mi obìnrin,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àtẹ̀gùn ọ́fíìsì tó ò ń gùn lójoojúmọ́ kò ní yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ o. Èmi náà wà dáadáa. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà ti mọ̀ pé mi ò ráyè tiẹ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ elégédé ló jẹ́ kí n kọ̀wé. O rántí pé mo sọ fún ọ pé nǹkan funfun kan bo ewé wọn bí ẹni tó da àtíkè sí i. Mo kọ́kọ́ rò pé eruku ni, mo mú àkísà tútù, mo sì ń nù wọ́n léwé kọ̀ọ̀kan fún odindi ọjọ́ méjì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n tún ti funfun, ó tiẹ̀ ti ran àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìgbà yẹn lo sọ pé bí oko tí bàbá yín fi sílẹ̀ bá tún bàjẹ́ lọ́dún yìí, kí n di ẹrù mi kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín, pé ẹ ti kun yàrá dè mí. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ṣe tán láti jókòó sójú fèrèsé kí n máa ka mọ́tò.

Mo lọ bá ọkùnrin tó ń ta oògùn oko, ẹni tá à ń pè ní Dókítà Ewé. Ó ní àrùn ni, ó sì fún mi ní ìgò kan. Mo bi í bóyá kí elégédé kọ́kọ́ jẹ ajílẹ̀ kí wọ́n tó lò ó, torí oògùn kì í bá inú òfìfo rẹ́. Ó ní kí n ṣáà fín in sí wọn lára.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, aládùúgbò wa, ló bá mi ka ara ìgò náà. Ó ní oògùn tó kún ìdérí ìgò kan ni kí n pò mọ́ omi garawa kan, kí n bo imú, kí n wọ ìbọ̀wọ́, kí n sì tún un fín lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tó dé ibi àwòrán, ó ní ìyẹn ò gba ìmọ̀ ìwé, kí n máa wò ó fúnra mi. Mo wò ó. Mo rí ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́, mo rí ojú tó wọ awò, mo wá rí ẹja kan tó da ikùn sókè. Ó yé mi kedere pé ẹni tó bá ń lo oògùn yìí kò gbọdọ̀ jẹ ẹja.

Bí mo ṣe yẹra fún ẹja nìyẹn. Aránṣọ ọ̀rẹ́ mi gbé oúnjẹ wá, mo ṣa ẹja inú rẹ̀ padà fún un. Mo ní mò ń lo oògùn ni. Ó ní kí ló ń ṣe mí. Mo ní èmi kọ́, elégédé ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rọra bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ó sì dá mi lójú pé òun ló pè ọ́ tó o fi sáré fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ kóòtù òjò bàbá yín, mo fi ìborùn di imú, mo ki ọwọ́ bọ ọ̀rá, mo fín oko náà dé ìdí tó kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ń kọjá, ó ní kí n po ìdérí mẹ́ta kó lè tètè ṣiṣẹ́. Mo ní ẹni tó kọ̀wé sára ìgò kò yadi, ká ní mẹ́ta ló fẹ́, ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbé ẹ̀rọ ìfín lọ fọ̀ lódò.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ pọnmi, mo rí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tó léfòó, tí wọ́n da ikùn sókè bíi ti ara ìgò gẹ́lẹ́. Ọmọ mi, ìgbà yẹn ni àwòrán náà tó yé mi. Wọn ò sọ pé kí n má jẹ ẹja, wọ́n ní kí n má pa á ni. Ojú tì mí gan-an. Mo lọ láti ilé dé ilé, mo ní kí ẹnikẹ́ni má pọnmi níbẹ̀ ná, mo sì gba èébú tó tọ́ sí mi. Dókítà Ewé ní inú oko tí mo fín ni kí n ti máa fọ ẹ̀rọ, kí n sì fín omi tí mo fi fọ̀ ọ́ sórí ewé kan náà. Mi ò ní fọ̀ ọ́ lódò mọ́ láyé.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lára ìgò kí n lè jẹ́wọ́. Obìnrin kan gbé e. Mo kí i, mo kí ará ilé rẹ̀, kò dáhùn, ó ṣáà ń ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ kó má bàa rò pé mò ń gbéra ga. Mo wá ro ẹjọ́ ẹja náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn. Mo gbà pé ó ti dárí jì mí.

Ewé tuntun tó yọ lọ́sẹ̀ yìí, kò sí àtíkè kankan lára wọn. Òdòdó ti yọ, mẹ́ta sì ti ń so. Ọjọ́ Ajé ni màá tún un fín. Owó ọkọ̀ tó o fi ránṣẹ́ pé kí n fi máa bọ̀, òun ni mo fi ra ìgò kejì. Má bínú. Yàrá tí ẹ kùn yẹn, ẹ kó àwọn ọmọ sí i, kí wọ́n rí àyè sùn.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni ìbọ̀wọ́ gidi, àti owó díẹ̀ tí mo máa fi tún ẹ̀rọ ìfín ṣe, torí ó ń jò sí mi lẹ́yìn. Bó o bá sì fẹ́ gbé nǹkan kúrò níbí dandan, wá fúnra rẹ nígbà ìkórè, kó o gbé elégédé. Wọ́n máa wúwo jù mí lọ.

Ohunkóhun tó bá fẹ́ bo ewé tìrẹ, Ọlọ́run á fi oògùn rẹ̀ hàn ọ́ kó tó ràn dé ìdí kejì. Wàá dàgbà, wàá sì rí ọmọ tó máa rántí láti kun yàrá dè ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, mo ṣì wà lóko.