Ohùn Dádì Lẹ́nu Mi

Mọ́mì Kàdúná,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí gbogbo ilé. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń jinná, ṣùgbọ́n ìjì ti ṣí òrùlé wa, ṣọ́ọ̀ṣì la ń sùn.

Ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn oníṣẹ́ ìròyìn lọ́wọ́ pè pé àwọn fẹ́ fún Dádì ní páànù. Dádì, àbúrò yín, fárígá: "Èmi tí mò ń ka ìròyìn fún gbogbo Ìkẹ́rẹ́ lórí rédíò? N ò tọrọ páànù ulé mi!"

Nígbà tí wọ́n tún pè, èmi ni mo gbé fóònù. Mo fi ohùn Dádì dáhùn. Obìnrin tó pè ní kí n ka ìròyìn díẹ̀ kó lè dá òun lójú pé Dádì ni. Mo húkọ́ bíi ti Dádì: "Ìjì ti ṣí ilé akàròyìn kan ní Ìkẹ́rẹ́. Ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun nìkan ni kò tíì gbọ́ ìròyìn náà."

Páànù dé lánàá. Dádì ní kí n dá a padà. N ò dá a padà! Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni Dádì ń bẹ̀rù. Ẹ pè é kí òjò tó rọ̀. Bí kò bá gbọ́, màá fi ohùn rẹ̀ pe káfíńtà.

Ìjì ò ní mọ ọ̀nà ilé yín.

Ọmọ yín,
Ayọ̀túndé