Fóòmù Kékeré Nínú Oòrùn

Ẹ̀gbọ́n olóòtú, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka orúkọ mi síta. Sùúrùlérè ni mo ń gbé.

Èmi àti ọkọ mi ò tíì rí ọmọ bí. Ajá la ní, Bíńgò. Orí fóòmù kékeré ló ń sùn. Mo máa ń fọ fóòmù náà, màá sá a sórí fẹ́ǹsì, kí eégbọn má baà ráyè níbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ìyá ọkọ mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹnu géètì ni wọ́n ti rí fóòmù yẹn. Wọ́n ju báàgì sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń pariwo: "Olúwa, o ṣeun! Ẹ ti bímọ, ẹ ò sọ fún mi! Ọmọ tó ń tọ̀ sílé dà?"

Bíńgò ló sáré jáde.

Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn gbé báàgì wọn, wọ́n wọlé.

Látìgbà náà, inú ilé ni mo ń sá fóòmù. Kì í gbẹ, ó ń rùn, ara ń yún ajá. Ẹ má sì ní kí n lé ajá o, kò ṣẹ̀ mí!

Lánàá, mo gbé fóòmù náà síta. Kí n tó mọ̀, èmi náà ti ń wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ọmọ á jáde.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ibo ni kí n máa sá a sí?