Òdo Tí Mo Fún Ìrora

Onípẹ̀lẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìdúró, torí mo gbọ́ pé ẹ̀yin nọ́ọ̀sì kì í jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní wú, orí rẹ kò ní gbàgbé ọ̀nà ilé. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì, ìyá wọn ló sì jẹ lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ sí ọ, ìdí nìyí tí eléyìí fi pẹ́.

Onígbàjámọ̀ ló bá mi ka ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, gbogbo àwọn tó wá gẹrun sì gbọ́, wọ́n ní kí o pẹ̀lẹ́. O ní ọ̀gá yín fún ọ ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá lórí bí a ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, pé ẹnu rẹ kò yá, pé wọ́n á tún dán ọ wò ní Ọjọ́bọ̀, tí o bá sì tún kùnà, o ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, o ó lọ máa ta bàtà. O tún ní ẹni tí ara rẹ̀ le koko ni yóò dùbúlẹ̀ ṣe bí aláìsàn fún yín. Ṣé ẹni yẹn kò ní ìyá ni? Kí wọ́n bá mi kìlọ̀ fún un.

Mo fẹ́ pè ọ́, ṣùgbọ́n obìnrin inú fóònù ní owó mi ti tán. Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni, mo bẹ̀ ẹ́ títí, ohun kan náà ló tún ń sọ. Ẹnu rẹ̀ yá ju ti gbogbo yín lọ, kò sì gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí mo sọ. Òun ló rán mi létí ohun tí èmi àti ìyá rẹ fi pa mọ́ fún ọ.

Má bẹ̀rù, ilé ni mo wà. Lóṣù tó kọjá, àyà ń dùn mí, mo bá lọ sí ọsibítù. Dókítà kan ń sọ̀rọ̀ geerege, kọ̀ǹpútà ló sì kọjú sí, mo rò pé òun ló ń bá wí, mo dákẹ́, n kì í já lu ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ó wá mú fọ́ọ̀mù fún mi pé kí n fún ìrora mi ní máàkì, láti òdo dé mẹ́wàá. Kí ni ìrora ṣe fún mi tí màá fi fún un ní máàkì? Ohun tí kò jẹ́ kí n fá pákó mọ́! Mo fún un ní òdo, mo fàlà sí òdo náà nídìí kí ojú lè tì í. Dókítà ní ó dáa, kí n máa lọ sílé.

Mo ti ń wọ bàtà nígbà tí nọ́ọ̀sì kan, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bíi tìẹ, fa àga wá, ó jókòó tì mí. Ó béèrè iṣẹ́ mi, mo ní káfíńtà. Ó béèrè ohun tí n kò lè ṣe mọ́, ó wá dákẹ́. Mo dúró kó tún sọ̀rọ̀, kò sọ. Ìdákẹ́ yẹn ló tú ẹnu mi. Mo sọ fún un pé tí mo bá ti ìfági lẹ́ẹ̀mejì, ògiri ni mò ń dì mú, pé ìrora náà ń sáré gba apá òsì mi, pé ẹ̀rù ń bà mí, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ fún mi, ó ní ṣé òun gbọ́ mi yé. Ó wá béèrè ìdí òdo náà, mo ṣàlàyé. Àwọn aláìsàn tó kù níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bùn, pé bí ìrora náà ṣe tóbi tó ni wọ́n ń béèrè. Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mẹ́sàn-án ni. Ló bá sáré lọ pe dókítà padà. Ọkàn mi ni, ọmọ mi. Wọ́n ní ká ní mo padà sílé lọ́jọ́ náà ni, ìyá rẹ ì bá ti di opó.

Nítorí náà, mẹ́ta tí wọ́n fún ọ kò bà mí lẹ́rù. Èmi náà ti fún nǹkan ní máàkì rí, mo sì ṣì í fún. Nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, gbogbo wa ń pariwo àdúrà lé e lórí, ìwọ nìkan ló máa ń ní ká pè wá, torí ìwọ máa ń jókòó tì í, o sì ń gbọ́ tirẹ̀.

Mo ti kan àpótí ìjókòó kékeré kan fún ọ, awakọ̀ á gbé e dé lọ́jọ́rú. Jọ̀ọ́, fún un lówó ọkọ̀ rẹ̀, kí o sì fi owó oògùn mi ránṣẹ́, àti ti ìṣó díẹ̀. Gbé àpótí náà wọ inú ìdánwò, kí o jókòó kí o tó la ẹnu. Mo ti jókòó lé e wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò dún, kò ní já lu ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ yìí kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Aláìsàn tí o bá jókòó tì, yóò dìde.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ọmọ ẹlòmíràn jókòó tì.