Nípa Fáànù Yàrá Màmá

"Ẹni tí kò lè dìde, kí ló fẹ́ fi rìmóòtù ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn, bí ẹ ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi gan-an, nígbà tí ọmọ yín jókòó fọ́ rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, tí ẹ sì gbé ọ̀kan nínú ẹ̀rọ tí mo rà fún Màmá lọ sí pálọ̀ láti máa fi tan tẹlifíṣọ̀n. Mi ò bínú. Àlàyé ni mo fẹ́ ṣe.

Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n. Èyí tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ń gbọ́ ohùn Màmá, ó ń dá wọn lóhùn, ó sì ń rán èkejì níṣẹ́. Èyí tí ẹ gbé lọ ló ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí tan fáànù, ìmọ́lẹ̀ náà kò sì lè la ògiri kọjá. Nítorí náà, bí Màmá bá wí pé, "Tan fáànù," èyí tó kù á dáhùn pé òun ti tàn án. Fáànù kò ní mira.

Lánàá, Màmá sọ fún mi lórí fóònù pé, "Ó ní òun ti tàn án, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ó jọ pé ẹ̀gbẹ́ ara mi tó rọ ti kó ran èyí tó kù." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ara mi le níbí, iṣẹ́ sì ń lọ. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ dá ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ sì jẹ́ kí Màmá fúnra wọn sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wọn lára. Mo ń retí èsì kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ tó ṣú.