Ẹ Bi Alàgbà Lawrence

Mọ́ńdè, 5 Fẹ́búárì 2024
Ọsibítù aládàáni kan ní Àkúrẹ́ níbí ń wá dírẹ́bà. Ìrẹsì ti di ohun tí à ń fojú kí lọ́jà. Yéjídé ìyàwó mi ní tí mi ò bá lọ, òun á gbé mi lọ fún wọn bí aláìsàn.

Mo lọ bá Rufus tó ń tẹ ìwé lábẹ́ agboòrùn, kó bá mi ṣe síìfíì, ìwé tí wọ́n fi ń wáṣẹ́. Ó ní gbólóhùn kan gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá tó máa fa ojú ọ̀gá mọ́ra. "Bọ̀dá Oyèníyì, ẹ yin ara yín." Ṣé orí mi dàrú ni? Ta ló ń fẹnu ara ẹ̀ yin ara ẹ̀? Ẹlòmíì ló ń yin èèyàn. Mo ní kó kọ ọ́: dírẹ́bà gidi ni mí, ẹ bi Alàgbà Lawrence l'Óǹdó. Bí gbogbo wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ta ló ń lọ bi ẹnikẹ́ni?

Ó ní ṣé mo ní nọ́ńbà wọn. Ẹnu mi yá. Mo kà á. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dúdú kirikiri.

Túsìdé, 6
Nọ́ńbà ta ni mo kà fún Rufus yìí!

Alàgbà Lawrence — Pankẹ́rẹ́ ni mò ń pè é nínú ikùn mi. Ó gùn, ó tín-ín-rín, ó ń ta èèyàn lára. Ọkọ̀ ẹ̀ ni mò ń wà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mò ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, mo sáré dé kọ́nà — ewúrẹ́! Mo yà fún ewúrẹ́. Igi ò yà fún mi. Ewúrẹ́ dúró, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èmi fi kọ́kọ́rọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mi ò dé Oǹdó mọ́ látìgbà náà. Ìsìnkú àǹtí mi gan-an, orí fóònù ni mo ti sunkún.

Wẹ́sìdé, 7
Mo sáré lọ bá Rufus, kó pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Ó ti fi ránṣẹ́. Ó tún ń yangàn: "Ọ̀gá mi, irú ìbẹ̀rẹ̀ yẹn? Wọ́n á pe bàbá yẹn kíá!"

Fúráìdè, 9
Fóònù dún. Mo jù ú sí Yéjídé. Ìyá ẹ̀ ni.

Mọ́ńdè, 12
Mo wọkọ̀ lọ Oǹdó, kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alàgbà kí ọsibítù tó pè é. Mo dé ẹnu géètì. Mo gbọ́ ohùn Pankẹ́rẹ́ nínú ọgbà, ó ń bú ẹnìkan nítorí ṣọ́bìrì tó sọnù. Ṣọ́bìrì o! Èmi tó ba odidi ọkọ̀ jẹ́ ńkọ́? Mo padà wọkọ̀.

Tọ́sìdé, 15
Ọsibítù ránṣẹ́ pè mí. Mátírọ́ọ̀nù, obìnrin pẹ̀lẹ́ kan, mú síìfíì mi dání. Ó ní gbogbo àwọn tó kù ló yin ara wọn. "Ẹ̀yin nìkan lẹ ní ká lọ béèrè. A sì béèrè."

Mo fi ojú wá ẹnu ọ̀nà.

Ó ní Alàgbà kọ́kọ́ ní kí wọ́n tún orúkọ mi pè fún òun. Ó wá ní irú mi ṣọ̀wọ́n, kí wọ́n gbà mí kíákíá, kí wọ́n má jẹ́ kí n bọ́. Omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi. Pankẹ́rẹ́! Mo ní n ò ní pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mátírọ́ọ̀nù na ìwé iṣẹ́ sí mi. "Inú bàbá yẹn dùn gan-an ni. Wọ́n béèrè ọjọ́ tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n béèrè aago. Mo ní Mọ́ńdè, aago méje. Wọ́n ní àwọn náà á ti dé ẹnu géètì."

Sọ́ńdè, 18
Yéjídé ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ó ń kọrin.

Mo lọ yí ọsibítù náà ká lẹ́yìn ìsìn. Géètì kan ṣoṣo ló ní.