Máàkì Tí Wọ́n Fún Ẹ̀jẹ̀ Mi

Agbo-ilé Ẹlẹ́ní,
Gàmbàrí, Ìlọrin.
Ọjọ́ Àlàrùbá.

Abdulqudus Àlàó, ọmọ mi àtàtà,

Asàlámù alékúmù. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí Barakah ọmọ ọmọ mi, mo sì kí ẹni tí ń bá yín ṣí géètì. Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé òjò Èkó kò wọlé bá yín? Bí ẹ bá bi èmi náà, àlùhámúdúlílàhì, mo jí, mo jẹun, mo lo oògùn mi, irin àyà mi sì ń ró kẹ́, kẹ́, kẹ́ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ọlọ́run Ọba tí ó ní kí ó máa ró kò ní pàṣẹ kí ó dákẹ́ títí n ó fi rí ìgbéyàwó Barakah. Àmín. Ewúrẹ́ tí o rà sílẹ̀ ti bí mẹ́ta, ọ̀kan kú, méjì tí ó kù ń jẹ ìwé mi bí n kò bá ṣọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù ní ọjọ́ Àlàádì ni mo fẹ́ fèsì sí. O ní o ń bọ̀ ní Sátidé yìí láti wá kó mi lọ sí Èkó pátápátá, pé kí n di ẹrù mi sílẹ̀, pé kí n fi kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sílẹ̀ nítorí òun ni ó fẹ́ pa mí. N kò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ náà, nítorí owó rẹ ni ó ń jó lórí fóònù, kò sì dára kí ènìyàn máa fi owó olówó bá olówó jiyàn. Ṣùgbọ́n bébà yìí, èmi ni mo rà á, nítorí náà mo lè sọ tẹnu mi.

Mo mọ̀ pé Ìyá Hamzah tí a jọ ń gbé agbo-ilé ni ó pè ọ́. N kò bá a jà. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, kí á tètè sọ fún un, nítorí hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú mi, wọ́n sì dá mi dúró sí ọsibítù. Òótọ́ ni. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà, gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó ni imú.

Kí n tó débẹ̀, jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń gbé pẹ̀lú àyà yìí, nítorí ìwọ gbà pé aláìsàn ni mí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n la egungun àyà mi, tí wọ́n yọ ilẹ̀kùn ọkàn tí ó bàjẹ́, tí wọ́n fi ti irin rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n sì fi wáyà so egungun náà pọ̀ pa dà. Ojú àpá kì í jọ ojú ara, mo gbà. Bí ọyẹ́ bá dé, wáyà náà a máa tutù nínú mi, n ó sì fi ìborùn wé àyà. N kò gbé garawa omi mọ́, n kò ru igbá mọ́, bí mo bá sì foríkanlẹ̀ nídìí ìrun, ògiri ni mo máa ń dì mú kí n tó dìde. Bí ọ̀bẹ bá gé mi lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dá, nítorí oògùn tí mo ń lò lálaalẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì mọ́ irin náà.

Ṣùgbọ́n wo iyì tí ó bá a wá. Ní mọ́ṣáláṣí, ìyá kan tí kò mọ̀ mí rí ní kí n jọ̀wọ́ pa aago mi. Mo ní aago yìí, Ọlọ́run nìkan ni ó lè pa á, kí ìyá náà bá mi bẹ̀ Ẹ́ kí ó fi í sílẹ̀ ná. Nígbà tí kò sí iná fún ọjọ́ mẹ́rin, Ìyá Hamzah sáré wá bá mi, ó ní ṣé kí àwọn gbé mi lọ sí ilé ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀ kí àyà mi má baà kú. Mo ní Ìyá Hamzah, nínú gbogbo irin tí ó wà ní agbo-ilé yìí, tèmi nìkan ni kò mọ NEPA. Ní báńkì, ilẹ̀kùn gíláàsì tí ń yẹ ènìyàn wò kọ̀ fún mi, ó ń ké. Gáádì ní kí n kó irin ara mi sílẹ̀. Mo sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé èyí tí ó wà lára mi, dókítà mẹ́fà ni ó fi í síbẹ̀, òun nìkan kò lè yọ ọ́. Ó wò mí títí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí máníjà ń gbà fún mi. Ìyá Hamzah ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́sàn-án tí mo so mọ́ etí ìró mi ni ó ń ké, ṣùgbọ́n ìlara ni, nítorí kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ báńkì náà. Barakah ní tirẹ̀ mọ iyì mi. Bí o bá gbé fóònù fún un, àyà ni mo máa ń gbé tèmi lé, àwa méjèèjì a sì ka kẹ́, kẹ́ náà dé ogún.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kíláàsì. Tíṣà Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ni ó ń kọ́ wa lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Obìnrin méjìlá ni wá, mo sì ń gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá nínú àpèkọ. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, àtàǹpàkò ni mo tẹ̀ sí ìwé tí wọ́n gbé wá, n kò mọ ohun tí mo gbà fún wọn láti ṣe. Lọ́dún yìí, nígbà tí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá ní ọsibítù, mo gba bíró lọ́wọ́ wọn, mo kọ orúkọ mi jálẹ̀, ó gùn kọjá ìlà tí wọ́n fà.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bí mo ṣe ń lọ lóṣooṣù. Wọ́n fún mi ní bébà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi mo sì ka ohun tí ó wà níbẹ̀ fúnra mi: méjì pọ́ìntì mẹ́fà. Àlàó, ojú tì mí. Nínú kíláàsì wa, ẹni tí ó ń gba méjì ni ìyá kan tí ó máa ń sùn. Mo ká bébà náà, mo fi í pa mọ́ sábẹ́ ìborùn kí ẹni tí ó jókòó tì mí má baà rí i. Mo rántí mọ́tò rẹ tí o tà nígbà iṣẹ́ abẹ. Kí ọmọ ta mọ́tò nítorí àyà ìyá rẹ̀, kí àyà ọ̀hún wá máa gba méjì.

N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Mo rántí pé Nọ́ọ̀sì Títílayọ̀ tí ń bójú tó wa níbi àyẹ̀wò sọ rí pé ẹ̀fọ́ máa ń fa nọ́ńbà náà wálẹ̀, oògùn a sì máa gbé e sókè. Mo bá fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀ pátápátá, èmi tí n kì í rí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kí n gbójú kúrò. Mo sì ń fi ìdajì hóró kún oògùn mi ní ọjọ́ kíláàsì, bí ọmọ ilé-ìwé tí ń gba lẹ́sìnnì.

Oṣù yípo. Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò mo rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu pákò, mo ní pákò náà ni ó le. Nígbà tí wọ́n fún mi ní bébà, márùn-ún pọ́ìntì mẹ́jọ ni mo rí. Díẹ̀ ni ó kù kí n fò. Mo pe oníwàrà tí ń kọjá lẹ́nu géètì, mo ra wàrà fún gbogbo àwọn tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì, mo sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ mi ti kúrò ní ẹ̀yìn kíláàsì. Wọ́n bá mi yọ̀. Bàbá kan ní tòun mẹ́ta péré ni, mo ní kí ó má sọ̀rètí nù, kí ó múra sí i.

Nọ́ọ̀sì Títílayọ̀ gba bébà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó wo wàrà, ó ní kí n jókòó. Ó bi mí ní ohun tí mo ń jẹ, mo jẹ́wọ́. Ó ní Ìyá, nínú àwọn tí ń se ọbẹ̀, ṣé ẹni tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù ni ó ń gba ipò kìn-ín-ní? Mo ní rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà yìí, bí ó bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ a dì mọ́ irin, bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní dá, tiyín kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju méjì àbọ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ gòkè ju mẹ́ta àbọ̀, èyí tí ẹ fi bébà rẹ̀ pa mọ́ lóṣù tí ó kọjá gan-an ni a fẹ́, èyí tí ẹ fi ń pín wàrà yìí ni ó ń pa ènìyàn. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, imú mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún ọ.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, mo lọ ṣàlàyé fún Tíṣà. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pa àpèkọ tì, ó ní kí oníkálùkù mú páálí oògùn rẹ̀ wá, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a sì fi ka orúkọ oògùn, nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, oògùn mi tán, mo lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Ìpàtà. Ọmọbìnrin tí ó wà níbẹ̀ gbé páálí kan fún mi, ó jọ ti tẹ́lẹ̀ bí ìbejì. Mo gbé awò sójú, mo kà á. Mẹ́ta ni nọ́ńbà tèmi, márùn-ún ni ó wà lára èyí. Mo sọ fún un. Ó ní mama, ẹ máa lọ, kò sí ìyàtọ̀. Mo ní ọmọ mi, mo ti gba márùn-ún rí, n kò fẹ́ ẹ mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ jáde, òun náà kà á, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, ó pààrọ̀ rẹ̀.

Àlàó, rò ó wò. Bí ó bá jẹ́ Èkó ni mo wà, ta ni ìbá ka páálí náà? Ìwọ wà níbi iṣẹ́, ìyàwó rẹ wà níbi iṣẹ́, géètì yín wà ní títì. Ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó gbé mi dé orí bẹ́ẹ̀dì, ìdajì kejì ni ó gbé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn láàyè. Bí o bá ní kí n dúró níbi tí mo bá ẹ̀kọ́ náà dé, èwo nínú méjèèjì ni o fẹ́ kí n gbé wá sí Èkó?

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ni ó ń bà ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tì mí lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, o kọjú sí ògiri kí n má baà rí omi ojú rẹ, mo sì rí i. Kò sí ẹni tí ó lè bá ọ wí pé o ń ṣọ́ ohun tí o fi mọ́tò rà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, o kò rà á kí o lè gbé e sínú àpótí. O rà á kí n máa rìn ni.

Nítorí náà, máa bọ̀, mo fẹ́ kí o wá. Ṣùgbọ́n Sátidé náà ni ìdánwò wa, ní ilé-ìwé tí ó wà lẹ́yìn Ọjà-Ọba, níbi tí ìjọba yóò ti fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Mọ́tò tuntun tí o rà, n ó wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni kí o gbé mi lọ. Ní ọjọ́ Àtìní, tẹ̀lé mi lọ síbi àyẹ̀wò, jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kí n ka bébà mi sí ọ létí, kí n sì sọ fún ọ bóyá ó dára tàbí kò dára. Bí mo bá ṣì í sọ, èmi fúnra mi ni n ó di ẹrù.

Tíṣà ní òun yóò fi fóònù ya ìwé yìí, pé yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí yíńkì gbẹ ná, kí ó má baà ba fóònù rẹ jẹ́.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí o tó máa bọ̀. Owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ẹ̀fọ́, nítorí Nọ́ọ̀sì ní ìwọ̀n kan náà ni kí n máa jẹ lójoojúmọ́, kí ó má pọ̀, kí ó má dín, ó ti di oògùn nìyẹn, o kò sì lè kọ owó oògùn fún ìyá rẹ. Fi ti bíró méjì kún un.

Ọlọ́run yóò fi èyí tí ó dára ju mọ́tò lọ san án fún ọ. Barakah yóò ṣe ọ́ lóore bí o ti ṣe mí lóore, ṣùgbọ́n wọn kò ní la àyà rẹ kí ó tó ṣe é. Ọ̀nà yóò là fún ọ ní àlọ àti àbọ̀. Àmín.

Kúrò ní Èkó ní ọjọ́ Jímọ̀, kí o sùn síbí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn ibi ìdánwò, wọn kò sì ní dúró de ẹni tí ọmọ rẹ̀ pẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìfáwù Àdùnní.