Ojú Màmá Nílẹ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ilé Bàbá Wa,
Ẹ̀yìn Kànga,
Lẹ́bàá Mádábà.
Oṣù Ìkórè Àjàrà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú làálàá Damásíkù. Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ yín lẹ́nu ti lọ? Ara tiwa le, àjàrà sì so dáadáa, àmọ́ inú mi ò dùn rárá.

Ẹ ní kí n bá yín ṣọ́ àwòrán Màmá tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò sílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì títí ẹ ó fi gbé ọmọ wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n, ó dùn mí pé n kò rí i ṣọ́. Àwọn àgbà ìjọ ló pinnu pé ojú ohun ẹlẹ́mìí kankan ò gbọdọ̀ sí nílẹ̀ ibi àdúrà mọ́. Ẹnikẹ́ni ò fi idà lé wa lọ́rùn. Ọwọ́ ara wa la fi ṣe ara wa. Àwòrán àkùkọ ẹnu ọ̀nà gan-an ò mórí bọ́.

Mo tẹ́ ẹní lé Màmá lórí, mo jókòó sí i. Àlùfáà ní, “Tẹ́kílà, ṣé ibẹ̀ lo máa sùn ni? Dìde jàre, ìyá ẹ ò sí nínú òkúta.” Mo ní, “Nígbà tó ta ọgbà rẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí òkúta tò, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀!” Ó dorí kodò, àmọ́ kò yí ọ̀rọ̀ padà.

Úbáídì tó bá bàbá rẹ̀ to àwòrán náà ni wọ́n pè láti tú u. Ó ń bi ẹbí kọ̀ọ̀kan ohun tó máa fi dípò. Àwọn ará ilé Sálámánì ní kó to àwòrán igi síbẹ̀, ni wọ́n bá gbá òkúta ojú bàbá wọn dà sẹ́yìn ògiri. Èmi ní òkúta Màmá gan-an ni kó dá padà.

Ó ní, “Àǹtí, kò ní jọ ojú mọ́ o.”

Mo ní kó ṣáà dá a padà. Ó pò wọ́n pọ̀, ó sì ń tẹ̀ wọ́n wọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀. Ọwọ́ Màmá àti agbọ̀n ọ̀pọ̀tọ́ rẹ̀ ṣì wà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dúró níbẹ̀, mo ń fọkàn to òkúta náà padà. N kò rántí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ìyẹn ló mú mi sunkún.

Ẹ bá mi kí ìyàwó. Úbáídì kí yín, ojú ń tì í. Ẹ ní ọmọ náà jọ Màmá gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà òtútù. Ẹ gbé e wá kí n tó gbàgbé ojú Màmá.

Èmi àbúrò yín tó ń wọ̀nà,
Tẹ́kílà.